Bọ́ọ̀lù Ẹran Tó Wọ Aṣọ Ewé

Bọ́ọ̀lù ẹran kan bọ́ lọ́wọ́ mi rí ní oríta Ìkòtún, ó yí gbirigbiri dé Ìgandò, kò fọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gorí ẹ̀ kọjá, táyà kẹ̀kẹ́ ló bẹ́. Mo fi omi ṣàn án, mo dá a padà sínú ọbẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ ní òun ò jẹ irú ẹ̀ rí. Ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀ jàre. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó yà sídìí ààrò, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kúùkù ni mí. Ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń se oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́ títí irun mi fi funfun. Ọ̀gá Múfú, olórí wa ní kíṣìnì, ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù ẹran: ẹran màlúù lílọ̀, àlùbọ́sà, ata, iyọ̀, àti ìrẹsì tí a bọ̀ díẹ̀, tí inú rẹ̀ ṣì le. Ìrẹsì yẹn ló máa ń fa omi tòmátò mu, òun ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wú kó sì rọ̀. Omi tútù gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, torí tí ọwọ́ bá gbẹ, ẹran á lẹ̀ mọ́ ọn. Tí o bá ti tò wọ́n sínú ọbẹ̀ tòmátò, òfin kan ló kù.

"Má ro ó," ni Ọ̀gá Múfú máa ń wí. "Di ìkòkò mú létí méjèèjì, kí o mì í bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún."

Òun fúnra rẹ̀ á kó ìgbákọ pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà dán an wò.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìjókòó sú mi. Mo sọ fún ìyàwó mi, Ìyá Rẹ̀mí, pé n ó máa se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ fáwọn oníṣẹ́ oṣù tí wọ́n ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọn kì í ráyè dáná. N ó sè é ní Sátidé, wọn á kó o sínú abọ́ onídèérí, wọn á gbé e sí fíríísà, wọn á máa gbé e kaná títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

"Ta ló fẹ́ jẹ oúnjẹ tí bàbá arúgbó sè?" ó bi mí.

"Ẹni tí ebi ń pa."

"Ó dáa. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá dá a padà, ẹ ó kó ìkòkò mi sáyè ẹ̀, ẹ ó sì jókòó jẹ́ẹ́."

Mo gbà. Ẹni àkọ́kọ́ náà ni Ìyá Ìbejì, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní tó bá dùn, òun á sọ fáwọn tí àwọn jọ wà níbi iṣẹ́.

Sátidé dé. Ọbẹ̀ ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́, bọ́ọ̀lù mi tò sínú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ fọ abọ́. Àṣé Ìyá Rẹ̀mí ti ti ìsìn dé, nínú aṣọ funfun ìjọ wọn. Ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ó rò pé ó fẹ́ jóná. Obìnrin wo ló máa rí ọbẹ̀ lórí iná tí kò ní ro ó? Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí tòmátò ta sí aṣọ àdúrà. Ló bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó na apá gbọọrọ, ó fi ìgbákọ wa ìkòkò látìsàlẹ̀ láì wo inú ẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, aṣọ rẹ̀ mọ́ nigín. Bọ́ọ̀lù mi ti di àsáró.

"Mo bá yín ro ó," ó ní. "Ó ti fẹ́ máa jóná."

"O ṣeun. O bá mi sin wọ́n ni."

"Sin kí ni?"

"Wo inú ẹ̀."

Ó wò ó. Ó rọra dé e padà, bí ẹni ń bo òkú lójú.

Fóònù dún. Ìyá Ìbejì ni, ó ní òun fẹ́ ya ọjà Ìkòtún, láti ibẹ̀ òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà. Kò sí àyè à ń tún ẹran lọ̀.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lórí. Mo rántí ewé mọ́ínmọ́ín tó wà nínú agbọ̀n. Mo sẹ́ omi tòmátò sọ́tọ̀, mo lu ẹyin, mo pò ó mọ́ ẹran àti ìrẹsì tó fọ́. Mo ká ewé, mo bù ú sí i, mo pọ́n ọn, mo tò ó sórí omi tó ń hó. Ìyá Rẹ̀mí bọ́ aṣọ funfun, ó jókòó, ó ń wo iná.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé, ó ṣí ewé kan. Ó ti dì, ó pọ́n, ó ń ta sánsán.

"Bàbá, ṣé bọ́ọ̀lù kọ́ lẹ ní?"

"Bọ́ọ̀lù ni. Ó wọ aṣọ ni."

Ó bu díẹ̀ jẹ. Èmi àti Ìyá Rẹ̀mí ń wo ẹnu ẹ̀. Ó tún bu òmíràn.

"Ẹ má se bọ́ọ̀lù fún mi mọ́ o," ó ní. "Eléwé yìí ni kẹ́ ẹ máa sè. Kò ní lẹ̀ mọ́ra nínú fíríísà."

Eléwé ni mò ń sè dòní, àwọn ará báǹkì náà ló ń jẹ ẹ́.

Mo ka ìtàn yìí sí Ìyá Rẹ̀mí létí láàárọ̀ yìí, níbi tó ti ń nu ewé. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ọgbọ́n sọ sí yín lórí, àbí?" Ó ń nu ewé ẹ̀ lọ.

Ó dáa. Kẹ̀kẹ́ kankan ò gorí bọ́ọ̀lù mi, bọ́ọ̀lù kankan ò sì yí kúrò ní Ìkòtún. Gọ́tà àkọ́kọ́ ló máa gbé e. Ibi kejì tí mo ti purọ́ ni ti ewé. Nígbà tí bọ́ọ̀lù fọ́, orí àpótí ni mo jókòó sí, mo fọwọ́ bojú. Ìyá Rẹ̀mí ló lu ẹyin, òun ló ká ewé, òun ló pọ́n ọn. Èmi ni mo wo iná. Kò tilẹ̀ ráyè bọ́ aṣọ àdúrà ẹ̀. Àbàwọ́n tòmátò ọjọ́ náà ṣì wà lápá ọ̀tún aṣọ náà.