Ẹjọ́ Igi Irúgbá Màmá Aliyyah

Irú ni Mùínàt, tí wọ́n ń pè ní Màmá Aliyyah, ń ṣe ní Ìgbò-Ọrà, ilẹ̀ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Èrúwà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó ní àwọn fẹ́ fi ọdún márùn-ún dá oko ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ó gbà, àmọ́ ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi irúgbá méje tó wà níbẹ̀, èyí tó ń ká èso wọn fi ṣe irú. Wọ́n kọ ọ́. Ó tẹ̀ka sí i.

Kò pé oṣù méjì tí katakata wọn fi wó mẹ́rin. Nígbà tí Mùínàt dé oko, ewé wọn ṣì tutù. Ó jókòó sórí ọ̀kan títí oòrùn fi mú, ó wá gun ọ̀kadà lọ bá Àràmídé, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe lọ́yà ní Èrúwà.

Àràmídé ka ìwé náà tán. "Màmá Aliyyah, wọ́n kọ ti igi síbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ojú ìwé tó kẹ́yìn ní bí ìjà bá dé, kóòtù Èkó nìkan ló láṣẹ láti gbọ́ ọ."

"Ṣé Èkó ni igi mi wà ni?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ti tẹ̀ka sí i."

"Wọn ò kà á fún mi débẹ̀."

Wọ́n pẹjọ́ ní Èrúwà síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, lọ́yà ilé-iṣẹ́ kò tiẹ̀ dárúkọ igi. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kóòtù yìí kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó dun Mùínàt. Àràmídé rọra sọ fún un pé, "Ẹ fara balẹ̀, mà. Bí kóòtù ò bá láṣẹ, asán ni ìdájọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àṣẹ."

Ó wá dìde. Ó ní ibí ni ilẹ̀ wà, ibí ni kùkùté wà. Bàbá Gàníyù, ẹlẹ́rìí wọn tó rí katakata náà, sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò lè rìnrìn àjò dé Èkó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, adájọ́ ní òun kì í fojú kékeré wo àdéhùn, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n mú wá lágbára. Òun yóò gbọ́ ọ.

Bí ilé-iṣẹ́ ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbin ọmọ igi mẹ́jọ, wọ́n sì mọ odi yí mẹ́ta tó kù ká. Mùínàt gbà. Àmọ́ ọmọ igi kò tíì so, èso igi mẹ́ta kò sì tó; lọ́dún yìí, ìlú Ayétẹ̀ ló ti ń ra èso irúgbá tó ń sè.