Ìbọn Méjì, Àga Kan àti Irun Mi Tó Dúró sí Ìdajì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Woolwich, ká má tiẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni màá ti máa ta àpótí ìrìnàjò fún àwọn tó ń lọ sílé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ni ìbọn máa ń wà. Ẹ má fò o. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún kọsítọ́mà mi kan lọ́jọ́sí, nọ́ọ̀sì kan láti Belvedere, ńṣe ló yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbálẹ̀ ló rí níbẹ̀. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ìbọn bàbá mi ni mò ń sọ. Bàbá mi ti lọ sọ́run, kò sì gba London kọjá."

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọdẹ sì ni pẹ̀lú. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, káfíńtà ni ọkùnrin náà, òun náà ń ṣọdẹ. Ilé wọn ló tẹ̀lé tiwa, ẹ̀yìnkùlé kan náà la jọ ń lò. Bí bàbá mi bá wúkọ́ nínú yàrá tiwa, káfíńtà á ní "pẹ̀lẹ́" láti inú yàrá tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn tó nìyẹn.

Ìbọn bàbá mi, ṣakabùlà ni, bàbá tó bí i ló fi sílẹ̀ fún un. Ó gùn débi pé ẹnu ìbọn á ti dé oko kí bàbá mi tó kúrò nílé. Ti káfíńtà kúrú, àmọ́ ó ti fi igi tuntun ṣe ìdí rẹ̀, ó fi fáníìṣì kùn ún, ó ń dán bíi bàtà ìyàwó. Ẹ sì mọ bí ọkùnrin ṣe rí, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ló máa ń wù wọ́n. Mo ti fẹ́ méjì, mo mọ ohun tí mò ń wí.

Ní Ọjọ́rú kan, bí wọ́n ṣe ń ti oko bọ̀, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Káfíńtà wo ìbọn tirẹ̀, ó wo ti bàbá mi, ó ní gígùn wọn ò dọ́gba, ó wá fi àga kan lé tirẹ̀, àga tó ní apá méjèèjì, tí èèyàn lè gbé ìgúnpá lé bí ọba. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí àfi ajá káfíńtà. Bàbá mi gbé àga síta, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tí kò kí i lóhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, káfíńtà gbé ṣakabùlà wọ igbó, àgbọ̀nrín ló gbé bọ̀. Àgbọ̀nrín o! Gbogbo abúlé ló jáde. Àwọn aláìníṣẹ́ wá yí àga bàbá mi ká, wọ́n ní, "Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Ìbọn tó ń pa àgbọ̀nrín lo gbé sílẹ̀, o gba ibi ìjókòó!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ọdẹ ilé wa fún yín. Bí ọdẹ bá fi ìbọn ẹlòmíì pa ẹran, itan kan jẹ́ ti ẹni tó ni ìbọn. Òfin yìí ni bàbá mi gbé délé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Itan mi dà?"

"Itan wo? Ṣebí tèmi ni ìbọn."

"Ìbọn tí o gbà lánàá! Kò tíì mọ̀ ọ́ lójú. Bàbá mi nìkan ló ṣì mọ̀."

"Ó dáa, lọ gba itan lọ́wọ́ bàbá rẹ."

Bàbá tí wọ́n sin lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ bà jẹ́.

Ibo lèmi wà ní gbogbo àkókò yìí? Mo wà níwájú ilé káfíńtà, láàárín ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń di ṣùkú fún mi. Ọjọ́ Àìkú ni Ìkórè ìjọ wa, èmi ni wọ́n sì ní kó ka àkọ́sórí níwájú wòlíì àti gbogbo èèyàn. Ó ti di apá ọ̀tún tán. Apá òsì ṣì nà sókè bí oko tí wọn ò ro. Bàbá mi nawọ́ sí mi, ó ní, "Dìde kúrò níbẹ̀! Ẹnikẹ́ni nínú ilé mi kò gbọdọ̀ tẹ ilé yìí mọ́."

Bí mo ṣe di olórí ìdajì nìyẹn. Ní abúlé wa, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ orí ló ń parí rẹ̀, obìnrin mìíràn kì í bá a fọwọ́ kàn án. Ìyá mi alára, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, bí òun bá dirun fún èèyàn, àwọn ará ọ̀nà á máa bi onítọ̀hún pé ta ló bá a jà. Gbogbo ayé ń rò nípa ìbọn, orí mi lèmi ń rò. Bí ìjà náà ò bá parí kó tó di ọjọ́ Àìkú, báyìí ni màá ṣe gbé e jáde níwájú ìjọ.

Kí ọbẹ̀ alẹ́ tó jinná lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó káfíńtà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú igbá tó fi ewé bò. Itan àgbọ̀nrín ni, odindi.

Ó sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ tètè sè é. Àwọn tó ń jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà. Ẹran ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Ìyá mi ní, "Kí lo máa wá sọ fún ọkọ rẹ?"

"Ṣebí ajá wà nílé."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi parí orí mi níbí." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìyá mi ní, "Ẹran ṣeé gbé mì. Irun ò ṣeé gbé mì. Bàbá rẹ á rí i." Ó wá fi kún un pé tí mo bá yanu sọ ohun tí mo rí, ata ló máa fi dí i.

Ẹ wá wo ìran. Bàbá mi jókòó sórí àga ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹran ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń bú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ahun! Nítorí itan kan ṣoṣo!" Á tún bu iyán. "Ìyàwó, ẹran yìí dùn o. Níbo lo ti rí i?" Ìyá mi ní, "Lọ́jà ni." Ní ilé kejì, a ń gbọ́ bí káfíńtà ṣe ń lé ajá kiri.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá olórí ọdẹ, gbogbo wa àti ará abúlé sì tẹ̀lé wọn, títí kan ajá káfíńtà. Baba arúgbó ni, ìbọn ti di etí rẹ̀ kan. Bí ọ̀rọ̀ ẹni bá wù ú, á kọ etí tó dára sí i, bí kò bá wù ú, á kọ èkejì. Bàbá mi gbé àga lérí lọ, nítorí kò fẹ́ fi sílẹ̀ nílé. Bó ṣe débẹ̀ ló jókòó sórí ẹ̀. Baba wà lórí ẹní nílẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ dá ẹjọ́ náà ni?" Bàbá mi fò dìde. Baba bọ́ sórí àga, ó fẹ̀yìn tì, ó ní, "Àga yìí mà dára o." Ẹ̀rù ba bàbá mi.

Baba ní kí oníkálukú fi ahọ́n kan irin ìbọn tó gbé sílẹ̀, kó sọ àléébù rẹ̀. Aládùúrà ni gbogbo wọn o, lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa wọ sùtánà funfun. Àmọ́ ọdẹ tó bá parọ́ lórí irin, sùtánà ò ní gbà á sílẹ̀.

Bàbá mi fahọ́n kàn án. "Bàbá, ìbọn mi máa ń ronú."

"Ó máa ń kí ni?"

"Ó MÁA Ń RONÚ! Tí mo bá fà á, á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Èèyàn lè kí ará ọ̀nà, kó tún béèrè àlàáfíà ọmọ, kó tó dún."

Káfíńtà pariwo, "Ẹ gbọ́ o! Ọ̀dàlẹ̀!" Baba ní, "Tìẹ ńkọ́?" Ohùn káfíńtà rẹlẹ̀. Ó ní, "Tèmi máa ń ya sí òsì. Tí èèyàn bá yìn ín sí ẹtu, igi tó wà lápá òsì ẹtu ló máa kú." Bàbá mi ní, "Èmi tí mo ti ń rò pé ojú mi ti ń di ti arúgbó!"

Baba wá bi káfíńtà bó ṣe fi ìbọn tó ń ronú pa àgbọ̀nrín. Káfíńtà wo irin, ó wo ilẹ̀. "Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo yìn ín sí, Bàbá. Kò dún. Mo ní bóyá ẹtù ló tutù, mo dojú ẹ̀ kọ igbó kí n tó tú u wò. Ló bá dún. Mo gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ nínú igbó."

"O ò rí àgbọ̀nrín kí o tó pa á?"

"Rárá, Bàbá. Ìgbà tó kú tán la tó mọra."

Àwọn tó wá wòran rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíì jókòó sílẹ̀. Baba ní, "Ìbọn sí ìbọn, àléébù wọn dọ́gba. Ó ku àga àti itan. Ìwọ, tó bá jẹ́ pé ìwọ lo ṣì ni ìbọn, gba itan, kí o dá àga padà. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo ni àga, gbàgbé itan." Bàbá mi ní òun ò lè gbàgbé ìkankan. Káfíńtà ní ajá ti jẹ itan. Bàbá mi ní, "Ajá ẹlẹ́sẹ̀ méjì!" Wọ́n fẹ́ẹ̀ wọ̀yá ìjà níbẹ̀.

Inú bí Baba. Ó ní, "Ó dáa. Kí oníkálukú gba nǹkan rẹ̀ padà. Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ jọ wọ igbó mọ́, kí ẹ sì mọ ògiri sáàárín ẹ̀yìnkùlé yín."

 Àwọn ọkùnrin méjèèjì ò lè wo ojú ara wọn. Ìyá mi àti ìyàwó káfíńtà ń wo ilẹ̀. Èmi fọwọ́ pa apá òsì orí mi, mo rí i pé tí wọ́n bá mọ ògiri yẹn, ó ti tán fún mi. Mo kígbe, "Bàbá mi ti jẹ itan náà!"

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Baba kọ etí tó dára sí mi. "Kí ló wí?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́, sà! Lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú iyán. Wọ́n tún ní ó dùn."

Bàbá mi yíjú sí ìyá mi. Káfíńtà yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó wá rọra yíjú sí ajá rẹ̀. Ajá ò tiẹ̀ dá a lóhùn.

Baba ní kí bàbá mi fahọ́n kan irin lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ṣé ó dùn àbí kò dùn?"

Bàbá mi pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, bíi ìbọn rẹ̀. "Ó dùn, Bàbá."

"Ẹni tó jókòó sórí àga ọ̀rẹ́, tó fi ẹran ọ̀rẹ́ jẹ iyán, kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ."

Káfíńtà ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, ó gba àga, ó tún gba itan!"

"Ìyàwó rẹ ló fi tọrẹ. Ṣé o fẹ́ gbà á padà lọ́nà ọ̀fun ni? Ìwọ tí o pa ẹran tí o ò rí, kí lo pàdánù? Ẹ̀tọ́ ni pàṣípààrọ̀ yín, ẹ má mọ ògiri kankan mọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Ni wọ́n bá dìmọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí arìndìn. Ìyàwó káfíńtà fà mí lọ sílé rẹ̀, ó parí orí mi. Àmọ́ nítorí pé mo tú àṣírí rẹ̀, ó fà á le débi pé n kò lè pa ojú dé. Lọ́jọ́ Ìkórè, bí mo ṣe ranjú tí mo ń ka àkọ́sórí, gbogbo ìjọ ń ké halelúyà pé Ẹ̀mí ti bà lé mi. Irun ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yàtọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń fi ìbọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù. Lónìí, bí èèyàn bá pe orúkọ ìbọn ní Thamesmead, ìtòsí wa níbí, ẹkún ìyá ẹnìkan tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ rẹ̀ ló ń rántí, n kò sì ní fi ìyẹn ṣeré. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ọ̀rẹ́ ṣe ń jà báyìí. Àwọn ọkùnrin méjì kan wà ní ìjọ wa níbí, dírẹ́bà ni wọ́n, ọ̀kan ń gbé ní Woolwich Dockyard, èkejì ní Thamesmead. Wọ́n fi mọ́tò ṣe pàṣípààrọ̀, ọ̀kan nínú mọ́tò náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti bulọ́ọ̀kù ara wọn lórí fóònù. Bí ọ̀kan bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì á kó Bíbélì rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì mìíràn.

Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o, wọ́n ní, "Mummy, ẹ bá wa dá a." Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: ìyàwó yín ńkọ́, ṣé wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún ara wọn? Ẹni àkọ́kọ́ ní ìyàwó òun ò mọ ìyàwó ẹnìkejì rí. Ẹnìkejì ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun níyàwó.

Mo ní kí wọ́n má bínú, ẹjọ́ yìí ti kọjá agbára mi.