Ọ̀bẹ Tó Ń Pa Ewúrẹ́ Kérésìmesì

Ní Lagos Town tó wà ní Accra, Yorùbá onígbàgbọ́ tó bá fẹ́ pa ewúrẹ́ Kérésìmesì, Mutala Àrówólò ni yóò ránṣẹ́ pè. Mutala kì í ṣe alápatà o. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Adabraka, Mùsùlùmí sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ẹ̀gbọ́n ti ń lọ mọ́ṣáláṣí tí àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí Mùsùlùmí kò bá sì dúńbú ẹran náà, ìdajì ilé kò ní lè fẹnu kàn án. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí gbogbo ilé fi ń jẹun nínú ìkòkò kan. Àbí ta ni yóò máa se ìkòkò méjì nítorí Ọlọ́run kan?

Modúpẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tìtorí ọkọ di onígbàgbọ́. Láti ìgbà náà ni Mutala ti ń bá a pa ewúrẹ́. Wofa ni àwọn ọmọ Modúpẹ́ ń pè é, bí ará Ghana ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá wọn lọ́kùnrin.

Lọ́dún yìí, Mutala fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí Modúpẹ́, abọ́ tó gbé ẹran lọ náà ló gbé e padà. Wọ́n ní Olúṣínà, pásítọ̀ tuntun tó ti Nàìjíríà dé sí ṣọ́ọ̀ṣì Modúpẹ́, wàásù pé ọmọ ìjọ òun kankan kò gbọdọ̀ jẹ ẹran tí Mùsùlùmí pa. Ó dun Mutala wọ eegun. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ló ń dá ẹran padà fún un yìí. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Mutala náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní kèfèrí, ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ nínú ilé.

Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rù bà á. Bí ẹlòmíràn bá fi lè pa ewúrẹ́ Modúpẹ́, òun àti àbúrò òun kò ní jẹun pọ̀ mọ́ títí ikú yóò fi dé. Ó gba ilé pásítọ̀ lọ. Ìjà ló bá lọ, ká má parọ́.

Olúṣínà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fún un ní àga. Mutala bi í pé kí ni òun ṣe fún un. Pásítọ̀ wá bi Mutala pé kí ló máa ń sọ bó bá fẹ́ dúńbú ẹran.

"Orúkọ Ọlọ́run ni," ni Mutala wí. "Mo máa ń ní Àlláhù Àkùbárù, Ọlọ́run ló tóbi jù lọ. Kí ni ǹ bá tún sọ?"

"Ohun tí àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo náà nìyẹn, Bàbá," ni pásítọ̀ wí. "Ìṣojú mi ni."

Ìjà ẹ̀sìn ló bẹ́ sílẹ̀ nílùú tí pásítọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé lókè Ọya. Olúdáre ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà.

Mutala fẹ́ sọ pé àwọn yẹn kì í ṣe Mùsùlùmí òdodo, ó rí i pé ìyẹn kò lè jí òkú. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó dárúkọ Olúdáre, ó sì ṣàdúrà fún un bí ó ṣe ń ṣe fún òkú ilé tirẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun náà ti pe ọmọ ìyá òun ní kèfèrí. Àwọn méjèèjì sunkún. Mutala sì lọ sílé láìmẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, Modúpẹ́ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá bá òun pa ewúrẹ́. Nígbà tí Mutala dé ilé Modúpẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ, pásítọ̀ ló bá tó ti ká apá aṣọ sókè, tó di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mú. Mutala bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí ti pásítọ̀, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà sínú.

"Ẹ wí i sókè, Bàbá," ni pásítọ̀ wí. "Ibi tó burú ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ níbi tó dáa."

Mutala wí i sókè. Pásítọ̀ kò fi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà sílẹ̀. Modúpẹ́ sì gbé ìkòkò kan kaná.