Ìbéèrè Sájẹ́ńtì Àrẹ̀mú

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́ ní ilé mi ní Ìkòsì lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí orin kan jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò mi. Orin tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ eré Sájẹ́ńtì Àrẹ̀mú, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni. Ọwọ́ mi dúró. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún gbé méjì nínú eré àtijọ́ náà jáde tẹ̀léra, mo sì mọ àwọn méjèèjì. Mo bá mú ìborùn mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Kétu.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń dá fíìmù wò lórí fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora, ẹ ò lè mọ ohun tí orin yẹn jẹ́ fún wa. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nílé tí a ń gbé ní Kétu, ti Daddy Láńlọ́ọ̀dù ni, ó sì ní ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Bí orin bá ti dún, àwọn àgbà á gba orí àga, àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ á dúró lójú fèrèsé. Èmi àti Ràfátù, ọ̀rẹ́ mi, kì í pẹ́. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Ata ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Mile 12. Ràfátù máa ń káwọ́ sẹ́yìn bíi ti Sájẹ́ńtì, á máa tọ ipasẹ̀ ewúrẹ́ káàkiri àgbàlá, á ní ọ̀daràn lòun ń wá.

Nínú eré àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan sọnù. Sájẹ́ńtì wọ yàrá ìyá ọmọ náà, ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Kí lọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn?" Ìyá náà ní ọmọ ń béèrè ìgbà tí bàbá òun máa dé. Sájẹ́ńtì bá gba ibùdókọ̀ lọ tààrà, ó bá ọmọ níbẹ̀ tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ràfátù sọnù. Ìyá rẹ̀ rán an ní àkàrà nínú ọjà, kò padà. Wọ́n wá a láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátò, wọ́n bi àwọn awakọ̀ tírélà tó ń padà sókè ọya, wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfo ni. Ìyá Ràfátù ò jẹun mọ́, ohùn rẹ̀ ha. Ẹ̀rù rẹ̀ wá ń bà mí, torí pé nígbàkígbà tó bá rí mi, ẹ̀yìn mi ló máa ń wò, bóyá ọmọ òun ń tẹ̀lé mi bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló wé gèlè, ó ní kí bàbá mi mú òun lọ sọ́dọ̀ Sájẹ́ńtì Àrẹ̀mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó sọ pé eré ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn àwọn àgbà pàápàá. Wọ́n mú èmi náà dání lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wọ aṣọ yẹ́lò mi fún mi, torí pé irú rẹ̀ ni Ràfátù wọ̀ jáde. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún àwa méjèèjì nígbà Iléyá.

Ọkùnrin tó jáde sí wa ò ní irùngbọ̀n Sájẹ́ńtì, sálúbàtà ló sì wọ̀. Inú bí mi gan-an. Ìyá Ràfátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ni òun náà bá kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òṣèré lásán ni mí."

"Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa wí," ni Ìyá Ràfátù fèsì. "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ló máa ń jẹ́wọ́?"

Òṣèré náà wo bàbá mi, ó wo aṣọ ọrùn mi. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó rọra béèrè pé, "Kí lọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn?"

"Ó ní, 'Màámi, ṣé ẹ ò ní kúrò níbí?' Mo ní mi ò ní kúrò."

Ìgbà tó yá, eré kejì jáde. Ọmọbìnrin aláṣọ yẹ́lò ló sọnù lọ́jà. Sájẹ́ńtì ṣí fìlà bíi ti àkọ́kọ́, ó jókòó sórí àpótí bíi ti àkọ́kọ́, ó béèrè ohun kan náà, ọ̀rọ̀ Ìyá Ràfátù gan-an ló sì jáde lẹ́nu ìyá inú eré. À ń retí bẹ́ǹṣì. À ń retí ọmọ tó ń sùn. Sájẹ́ńtì rìn títí, ó bi awakọ̀, ó bi alábàárù, ó padà wá jókòó ti ìyá náà nídìí ata, eré sì parí. Àwa ọmọdé figbe ta pé wọ́n gé e. Daddy Láńlọ́ọ̀dù gbá tẹlifíṣọ̀n létí. Ìyá Ràfátù nìkan ló dìde jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé o."

Mo ti dàgbà kó tó yé mi. Òṣèré yẹn, tó tún ń kọ eré náà, lè mú ọmọ wálé nínú eré, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Àmọ́ kò fẹ́ẹ́ parọ́ fún ìyá kan ní Kétu.

Ilé tí a gbé nígbà náà ti di ṣọ́ọ̀bù fóònù níwájú. Yàrá Ìyá Ràfátù lẹ́yìn nìkan ló kù. Àwọn ọmọ Láńlọ́ọ̀dù ti ta ilé náà, wọ́n máa wó o lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọkùnrin tí Ìyá Ràfátù bí lẹ́yìn Ràfátù ti kọ́lé sí Ìkòròdú, ó ti tún yàrá kan ṣe fún ìyá rẹ̀, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá Mummy sọ̀rọ̀ kó gbà láti kúrò níbẹ̀, torí pé mo dà bí ọmọ fún wọn. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ gan-an nìyẹn.

Mo bá ìyá arúgbó náà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Eré kejì ti dé ìdí ata. Bí mo ṣe la ẹnu, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

"Gbọ́," ó ní.

"Mo ní mi ò ní kúrò," ni ìyá inú eré wí.

Ìyá Ràfátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú rẹ̀ tú ká.

"Wọ́n ti bá mi tún un sọ fún Ràfátù pé mo ṣì wà níbí," ó ní. "Kò ní máa wá mi kiri."

Mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ rán mi. Mo jókòó tì í.