Iná núkílíà ń bọ̀, òpó wa ń wó lọ

Tíṣà sáyẹ́ǹsì kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu tán ìṣòro iná wa lónìí. Ìbéèrè Ìyá Ràṣídà ló dá a dúró.

Èmi ni mo ni ẹ̀rọ ìlọ̀lùbọ́ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Ogbooro. Iṣu gbígbẹ Ìyá Ràṣídà ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́ tí iná fi lọ.

Tíṣà tó ń dúró kí n lọ iṣu ti ẹ̀ náà ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Tí ìjọba bá lè kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà, òkúta díẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀, tí ooru inú ẹ̀ ń yí ẹ̀rọ iná, ló máa fún gbogbo wa níná tọ̀sán-tòru."

Ìyá ní, "Alihamudulilahi. Ṣé orí òpó ìta yìí náà ló máa gbà wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tí ikán ti jẹ nídìí, tí Baba Ràṣídà fi igi oko tì?"

Tíṣà jáde lọ wo ìdí òpó. "Ìyá, mi ò tíì rò ó débẹ̀."

Inú bí mi! Kì í ṣe sí tíṣà o, sí àwa fúnra wa. Àwa àgbẹ̀ tí a máa ń ri igi kí ìtàkùn iṣu tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, a wá ń retí iná lórí òpó tó ń wó!

Kí núkílíà máa bọ̀, kí ti oòrùn náà máa bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbá, a máa ri òpó tuntun. Àwọn oníná ti gbà láti wá so wáyà. Tíṣà fúnra ẹ̀ ló máa gbẹ́ ihò.

Òpó àdúgbò tiyín ńkọ́? Ṣé ó dúró, àbí ẹ̀yin náà fi igi tì í?