Ọwọ́ Tó Ta Kókó Màrìwò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọdún àlàáfíà ni Kérésìmesì. Bóyá nílé tiyín. Nílé tiwa ní Àyèká, bí mo bá ti gbóòórùn màrìwò tútù lóṣù Kejìlá, inú ló máa ń kọ́kọ́ bí mi, ọwọ́ mi á sì máa wá ohun tí yóò dì mú. Èmi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Tí Kérésì bá ku ọ̀la, gbogbo wa la máa ń lọ́wọ́ sí ọ̀ṣọ́ ilé. Ẹnì kan á gun ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, á bẹ́ màrìwò tí kò tíì là. Àwọn ọmọdé á fi abẹ ya á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn obìnrin á dì í bí ẹni dirun, a ó wá máa ki òdòdó pupa sáàárín rẹ̀ títí yóò fi gùn tó ojú ilé. Bàlúùnù ńkọ́? Ẹni tó bá wù kó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti gbogbo ayé: kókó tí wọ́n máa ń ta sókè ẹnu ọ̀nà, láàárín gangan. Onílé nìkan ló ń ta á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbo ilé bàbá mi nìyẹn, láti ìgbà tí bàbá bàbá wọn ti di ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ẹni tó bá ta kókó màrìwò ní Kérésì, òun ni gbogbo àdúgbò gbà pé ó nilé, nítorí ìṣojú wọn ni wọ́n ti máa ń ta á.

Bàbá mi kú nígbà òjò. Wọn ò tíì bo ibojì rẹ̀ tán tí àbúrò rẹ̀, bàbá kékeré tó ń ta epo pupa ní Akotogbo, ti ń fi ojú wọn yàrá. Ó ní ilé ti di tòun, kí ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ n'Ìrèlè. Èmi obìnrin nìkan ni ìyá mi bí. Oyún tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lábẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀ ni. "Kò bí ọkùnrin, kí ló fẹ́ fi ilé ṣe?" Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá kékeré nìyẹn. Àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n má jà lórí ibojì tútù, pé tí Kérésì bá dé, a ó mọ ẹni tí yóò ta kókó. Àgbà nìyẹn? Wọ́n kàn ju eegun sáàárín ajá méjì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀la jẹ́ Kérésì, mo ń gún púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tí a sì yan gbẹ, nínú odó níwájú ilé. Ìyá mi gbé àga síta, ó fi màrìwò kọ́ ọrùn, ó gun àga náà pẹ̀lú aṣọ opó lára. Ni ọ̀kadà kan bá dúró. Bàbá kékeré sọ̀ kalẹ̀, òun àti màrìwò tirẹ̀ tó ti dì wá láti Akotogbo. Ẹ ò rí nǹkan! Ó múra bí ọkọ ìyàwó.

Ó wo ìyá mi lókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, àga yìí ń mì. Jẹ́ n bá ọ dì í mú."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ni ìyá mi wí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìkà.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga náà mú, ó sì fà á yọ lábẹ́ rẹ̀.

Apá ni ìyá mi fi balẹ̀, ní etí pèpéle. Mo gbọ́ ọ tó dún pákí, mo kọ́kọ́ rò pé àga ló kán. Egungun apá rẹ̀ ni. Kó tó lè ké, ọkùnrin yẹn ti gun àga, ó ti gbé màrìwò tirẹ̀ sókè ilẹ̀kùn, ó ń wá ìṣó.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fa ọmọ odó yọ. Orúnkún ni mo kọ́kọ́ bà. Ó já lulẹ̀ gbì bí àpò gààrí. Mo tún gbé e sókè, mo bà á lẹ́nu, eyín iwájú rẹ̀ kan fò sínú púpurú mi. Ẹ ó ní ọmọbìnrin kì í ṣe báyẹn. Ẹ máa wí. Inú mi dùn nígbà náà, ó ṣì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kì í ṣe pé ó jókòó kí n máa lù ú o. Ó gbá irun mi mú, ó ń la orí mi mọ́ ògiri títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ojú mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu, mo gé e jẹ, mi ò sì tú u sílẹ̀. Ó ń pariwo pé mo fẹ́ pa òun. Òótọ́ ló ń sọ. Àpá iwájú orí mi yìí, tí àwọn onídìrí máa ń bi mí léèrè, ọjọ́ yẹn ni mo gbà á.

Ariwo ti kó àdúgbò jọ. Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dúró gbagidi nínú aṣọ funfun wọn, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ wa. Ìgbà náà ni mo rí ìyá mi. Apá òsì rẹ̀ ń ṣe dirodiro. Ó fi ọ̀tún gbé àga nílẹ̀, ó tì í mọ́ ògiri, kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun dì í mú. Ó gùn ún. Ó fi ọwọ́ kan kọ́ màrìwò mọ́ ìṣó, ó fi eyín di etí kejì mú, ó fà á, ó ta kókó. Itọ́ àti omijé ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára màrìwò náà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀.

Àgbà ẹbí kan wo òkè, ó wo bàbá kékeré nílẹ̀. "Dìde, máa lọ," ó ní. "Ó ti ta á." Ọkùnrin náà tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó ṣẹ́ èpè fún wa, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ilé bàbá kan tó máa ń to eegun la ti ṣe Kérésì. Wọ́n á ní sùúrù ni baba ìwà. Ẹ kú sùúrù. Sùúrù kọ́ ló gba ilé yẹn fún wa. Oyún náà ò bàjẹ́, bó ṣe dúró, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ọkùnrin ló fi bí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin yẹn ti ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹrí kó tó wọlé. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé, ó kó òdòdó oníke àti iná tó ń ṣẹ́jú lọ́wọ́. A kì í sọ ìtàn àga fún un, ìyá mi ló ní ká má ṣe é. Ó rí màrìwò tí mo dì sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ jókòó jàre. Ẹ ti dàgbà jù fún orí àga. Èmi ni n ó ta á lọ́dún yìí."

Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Mo mọ̀. Síbẹ̀, ojú mi ti ń wá ọmọ odó kiri.

Ìyá mi wo apá rẹ̀ tó wọ́ títí dòní. Ó mú màrìwò nílẹ̀, ó gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọjá, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. "Ìwọ ni kó o gùn ún." Háà! Ilé ló ń fún mi yẹn o. Wọn ò fún ọmọbìnrin nílé rí lágbo ilé wa.

Àbúrò mi gbé iná ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. Imú bàbá kékeré ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú. "Àǹtí, àga yìí ń mì. Ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú."

"Tí o bá fọwọ́ kàn án, màá fọ́ orí ẹ!"

Ọmọ odó ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ti gbé e sókè, ọmọ ọlọ́mọ sì ti fi apá bo orí.

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyá mi wí. Kò pariwo. "Gbé e sílẹ̀, mo ní. Jẹ́ kó dì í mú. Inú mi ló wà lọ́jọ́ yẹn. Àwa méjèèjì la jọ ṣubú."

"Ṣubú níbo?" ni àbúrò mi ń bèèrè. Ó ń wo ìyá mi, ó ń wò mí.

Mo gbé ọmọ odó ti ògiri, níbi tí ọwọ́ mi ti lè tètè tó o. Mo gun àga. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò sì mì rárá. Mo ta kókó náà, mo tún ta á lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ń sunkún bí ọmọdé.