Fótò Àyà Mi Tó Lọ sí Ilẹ̀ Faransé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí ní Kútọnu, ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù nínú mi.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Gbégamey. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé lọ́dún yẹn, wọ́n ní kí gbogbo olùkọ́ lọ ya fótò àyà nílé ìwòsàn, irú èyí tó ń fi ẹ̀dọ̀fóró hàn. Mo lọ. Mi ò wúkọ́, mi ò rù, ọmọkùnrin mi Báyọ̀ tó ṣì ń mu ọmú sì ń sanra lójoojúmọ́. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù?

Dókítà òyìnbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbé fótò náà sójú iná, ó ní òun rí òjìji lókè ẹ̀dọ̀fóró mi méjèèjì. Ó ní ikọ́ ife ni. Wọ́n yẹ itọ́ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà ní fótò kì í purọ́. Mi ò gbọdọ̀ dé kíláàsì mọ́, mi ò gbọdọ̀ fún ọmọ mi lọ́mú mọ́, kí wọ́n sì gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ẹ gbọ́ o! Àìsàn tí kò ní ikọ́, tí kò sí nínú itọ́, inú fótò nìkan ló wà. Ara fu mí.

Kíá ni ìyá ọkọ mi ti dé láti Pọbẹ̀, tòun ti ọ̀já tí yóò fi pọn ọmọ. Ta ló sọ fún un? Bàbá Báyọ̀ ní òun ló ránṣẹ́ pè é. Obìnrin yìí ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìyàwó tó ń lọ síbi iṣẹ́ kì í ráyè tọ́mọ. Ṣé òun àti ọmọ ẹ̀ kọ́ ló jọ bá dókítà sọ̀rọ̀?

“Ìyàwó, gbé e wá,” ló wí. “Ara ẹ ni kó o tọ́jú.”

Mo gbé Báyọ̀ fún un. Ọmú mi kún, ó ń ro mí, mo ń sunkún, mi ò mọ èyí tó dùn mí jù.

Àbúrò ọkọ mi kan ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Faransé. Ó ti wà nílé kí n tó dé, mi ò lè pe orúkọ ẹ̀, nítorí náà Akọ̀wé mi ni mo ń pè é. Bàbá Báyọ̀ ní ká fi fótò ránṣẹ́ sí i, kí ọ̀gá ẹ̀ tó mọ̀ nípa àyà bá wa wò ó. Ojúlùmọ̀ wa kan tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ síbẹ̀ láti Cadjèhoun ló mú un lọ.

Mo tún fura. Fótò kan ṣoṣo, bó bá sọnù ńkọ́? Ẹni tí kò rí mi rí, tí kò gbọ́ èémí mi, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa mi? Àbí wọ́n kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀, kí ọmọ lè mọ́ ìyá àgbà lára?

Nígbà tó yá, wọ́n pè wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ pé a ní tẹlifóònù láti òkè òkun. Akọ̀wé mi kí mi, ó sì bi mí bí irun mi ṣe rí lọ́jọ́ tí mo ya fótò.

“Akọ̀wé mi, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?”

“Ìyàwó wa, má bínú. Ọ̀gá wa ló ní kí n bi ọ́.”

Mo ronú. Ọkùnrin tó ń ya fótò ní kí n bọ́ búláàsì, kí n yọ ẹ̀gbà ọrùn, kí n ṣí gèlè. Ojú tì mí. Irun olówùú ni mo ṣe, òwú dúdú tó nípọn, ó gùn. Mo fà á wá síwájú lọ́tùn-ún lósì, mo fi bo èjìká àti àyà mi. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe yà á.

Akọ̀wé mi ní ọ̀gá yẹn ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní etíkun wa níbí, ó mọ irun olówùú. Ó ní òjìji náà kọjá sókè wọ ọrùn, ẹ̀dọ̀fóró kì í dé ibẹ̀. Ó ní kí n di irun mi sí àtàrí, kí n lọ ya òmíràn.

Gbogbo ayé ni mo fura sí, irun orí mi nìkan ni mi ò fura sí.

Fótò kejì mọ́ kedere. Dókítà wa wò ó, ó ní ó dára, kí n padà síbi iṣẹ́. Ló bá pe ẹni tó kàn wọlé. Inú bí mi gan-an.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pọbẹ̀. Báyọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà ẹ̀. Ó wò mí, ó sì fi ojú pamọ́ sí àyà obìnrin náà. Ọmú mi ti gbẹ, mi ò ní ohun tí mo lè fi fà á mọ́ra. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fi ipá gbé e, kí n fi í sílẹ̀ di ìgbà ìsinmi. Mo gbà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí dókítà kan bá sọ ọ̀rọ̀ ńlá fún yín, ẹ wá ojú kejì, ì báà jẹ́ lókè òkun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ọmọ yín sílẹ̀ ni kí ẹ wá a. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe gba ọmọ yín padà. Báyọ̀ wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ó ti ń sáré kiri. Ìyá àgbà ẹ̀ ló ń pè ní Màmá. Bí ìyá àgbà ṣe ń pè mí lòun náà ń pè mí: Ìyàwó.